Ọwọ́ Bàbá Mi Lórí Ológbò

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkópì ní Agbowó, mò ń retí ìwé mi, ni nǹkan rírọ̀ kan bá fara ra mí lójúgun. Ológbò ni. Ó yí ẹsẹ̀ mi ká, ó tún fi orí gbá mi. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó wà lẹ́yìn mi ti ké "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!", ó ti bọ́ síta. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù ń rẹ́rìn-ín: "Mọ́mì, ẹ má bẹ̀rù, ó kàn ń kí yín ni." Mi ò bẹ̀rù. Ẹkún ló fẹ́ gbọ̀n mí, èmi àgbàlagbà tó wá ṣe fọ́tòkópì.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ máa ń dì mọ́ bàbá yín lọ́rùn, ó lè ṣòro fún yín láti mọ irú bàbá tí mo ní. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n, olùkọ́ ní yunifásítì, Bódìjà la sì ń gbé. Wọn kì í nà wá, wọn kì í sì í fọwọ́ kàn wá. "Ipò kelòó lo gbé?" ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní fún mi. Tí mo bá ní ipò kejì ni, wọ́n á ní, "Ta ló gbé ipò kìíní?" Ọ̀rọ̀ wa ti tán nìyẹn títí di táàmù tó ń bọ̀.

Eku tó ń jẹ ìwé wọn ló gbé ológbò wọlé. Gíwá ni wọ́n sọ ọ́, torí pé, bíi gíwá yunifásítì, ó máa ń wọlé nígbà tó bá wù ú, kò sì sẹ́ni tó ń bi í. Èmi ni mò ń fún un lẹ́ja, ṣùgbọ́n bàbá mi ló yàn. Tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, á na ìrù sókè, á lọ pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, á máa fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nu ṣòkòtò wọn. Tí wọ́n bá jókòó, á gun itan wọn, á máa fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń po ìyẹ̀fun, á máa kùn. Á wò wọ́n lójú, á rọra pa ojú dé, á tún là á. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó pa eku, ó tẹ́ ẹ sínú bàtà wọn. Ìyá mi ní iṣẹ́ ọ̀tá ni, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Bàbá mi wo eku, wọ́n wo ológbò, wọ́n ní, "O ṣeun, Gíwá." Mo jowú ológbò, mi ò ní purọ́.

Ọwọ́ wọn ni mo máa ń wò. Tí wọ́n bá ń máàkì ìwé ìdánwò, ọwọ́ ọ̀tún á di bíró mú, ọwọ́ òsì á sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, á máa wá orí Gíwá. Wọn kì í wo ibi tí ọwọ́ náà ń lọ. Lọ́sàn-án Sátidé kan, Gíwá jáde. Mo yọ́ wọlé, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó máa ń jókòó sí, mo gbé orí ti ẹsẹ̀ àga. Ọwọ́ náà sọ̀ kalẹ̀, ó bà lé mi lórí, ó dúró. Irun tí ìyá mi dì fún mi láàárọ̀ ọjọ́ náà wà lábẹ́ ìka wọn. Ìka náà tọ ojú irun kan dé ìpàkọ́, ó padà síwájú, ó mú òmíràn. Mò ń gbọ́ bí bíró ṣe ń lọ lórí ìwé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fún wa ní káàdì èsì ìdánwò níléèwé, bàbá mi tún bi mí pé ipò kelòó ni mo gbé.

Gíwá ti kú tipẹ́, bàbá mi náà ti lọ. Ilé wa ní Bódìjà ti di ilé oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ bàbá ló ń gbá ọmọ mọ́ra báyìí, inú mi sì ń dùn sí i. Ológbò ní tiwọn kò yí padà. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́, wọ́n á tọ̀ ọ́ lọ, ojú kì í tì wọ́n. Èmi ni ojú tì. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé bàbá mi kò mọ bí wọ́n ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ni, èmi náà ò sì mọ bí mo ṣe máa béèrè. Bí wọ́n bá wà láyé lónìí, tèmi ti ewú orí mi, màá lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn, mi ò sì ní dúró kí ológbò jáde.