Rẹ̀mílẹ́kún àti Ọkọ Inú Fọ́tò

Ẹ jẹ́ n sọ fún yín: lọ́jọ́ tí Rẹ̀mílẹ́kún, olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, ṣègbéyàwó ní Ọ̀mù-Àrán, fọ́tò ni wọ́n gbé sórí àga ọkọ. Barnabas tó ni fọ́tò wà lójú ogun. Ìyá rẹ̀ ló ní kí wọ́n fẹ́yàwó sílé dè é, pé ọkùnrin tó bá mọ̀ pé ìyàwó ń retí òun kò ní gbàgbé ọ̀nà ilé. Rẹ̀mílẹ́kún ò janpata. Ó ti gbọ́ ohùn Barnabas rí láàárín àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ohùn tó rinlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ta ni ò ní dúró dè é?

Ogun parí, Barnabas dé. Háà! Ẹni tó dé kì í kọrin, kì í sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá kí i, á mi orí. Ìsinmi ráńpẹ́ ló gbà, lẹ́yìn rẹ̀ yóò padà sí bárékè àwọn sójà ní Kàdúná. Bàbá Rẹ̀mílẹ́kún pe ọmọ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, fọ́tò lo fẹ́, ènìyàn ló dé. Bí ọkàn rẹ ò bá gbà á, sọ kó tó lọ. Ilé ọkọ kì í ṣe ẹ̀wọ̀n, ilé mi ò sì tíì wó."

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ lọ́kàn bí kòkòrò ṣe ń jẹ ẹ̀wà. Ṣé kó bá àjèjì yìí lọ sí Kàdúná ni, àbí kó palẹ̀ ẹrù mọ́?

Àfi bí Barnabas ṣe lanu lọ́jọ́ kan. "Àwọn ọ̀gá wa, bí wọ́n bá gbéyàwó, wọ́n máa ń mú un jáde lọ ṣe fàájì. Níbo lo fẹ́?"

"Orí òkè Àrán-Ọ̀rin."

"Òkè kẹ̀? Mo ní fàájì! Ìlọrin ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa, sinimá wà níbẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká ṣe méjèèjì."

Ẹnu ya Barnabas, ó sì gbà.

Àárọ̀ ọyẹ́ ni wọ́n gun òkè. Barnabas ń fi ẹsẹ̀ sójà lọ níwájú, kò wẹ̀yìn. Inú bí Rẹ̀mílẹ́kún: ṣé ewúrẹ́ ló ń tẹ̀lé e ni? Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dókè, ìbínú rẹ̀ yọ́. Kùrukùru ti bo ilẹ̀, orí ọ̀pẹ ló yọ níhìn-ín, òrùlé páànù ń tàn lọ́hùn-ún, afẹ́fẹ́ sì rọra ń gbé ohùn agogo iléèwé kan wá láti ibi tí wọn ò rí. Ó ń ṣe é bíi pé àlá ni, bíi pé òun lè fẹsẹ̀ kan sórí kùrukùru náà kí òun máa rìn lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní bi òun ní nǹkan kan. Barnabas nà sórí àpáta, oorun gbé e lọ. Rẹ̀mílẹ́kún jókòó tì í, ó ń wò ó. Ó fẹ́ràn ojú náà, kò ní purọ́. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ojú Barnabas ò sọ nǹkan kan. Nígbà tó jí, wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ kejì, wọ́n wọ mọ́tò lọ sí Ìlọrin. Iná mọ̀nàmọ́ná lójú pópó! Òórùn súyà, àwọn ọ̀dọ́ nínú ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbálẹ̀! Sinimá àwọn ará Íńdíà ni wọ́n ń ṣe. Ọmọbìnrin kan ń jó láàárín òdòdó, aṣọ rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè rẹ̀, síbẹ̀ gbogbo èrò ń bá a kọrin. Barnabas rẹ́rìn-ín! Rẹ̀mílẹ́kún ò wo sinimá mọ́, ẹ̀rín yẹn ló ń wò.

Ìgbà náà ni olè kan yọ nínú sinimá, ó yìnbọn. Kí Rẹ̀mílẹ́kún tó mira, ó ti bá ara rẹ̀ nílẹ̀ láàárín èèpo ẹ̀pà. Barnabas ti wọ́ ọ lulẹ̀, ó fi gbogbo ara bò ó, ó fọwọ́ méjèèjì dì í lórí mú, àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì. Èrò bú sẹ́rìn-ín.

"Sójà, ogun ti tán o!"

Barnabas dìde, ó gbọn aṣọ, ó jáde. Rẹ̀mílẹ́kún sáré tẹ̀lé e.

"O ti rí i," Barnabas wí níta, kò lè wò ó lójú. "Bó ṣe ń ṣe mí lóru nìyẹn. Sọ fún bàbá rẹ pé mo ní kí o máa padà lọ sílé rẹ̀. N ò ní bínú."

Àánú ṣe Rẹ̀mílẹ́kún, ṣùgbọ́n kì í ṣe àánú nìkan. Ìbọn dún, ọkùnrin yìí rò pé ikú dé, ara òun Rẹ̀mílẹ́kún ló kọ́kọ́ bò. Ó di Barnabas lọ́wọ́ mú.

"Ẹ gbọ́," ó ní. "Tí a bá dé Kàdúná, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa sùn síbi ògiri. Èmi á máa sùn sọ́dọ̀ ilẹ̀kùn. Bí ohunkóhun bá dún, èmi ni n ó kọ́kọ́ dìde lọ wò ó."