Ọjọ́ Tí Kẹ̀kẹ́ Màmá Bolumbu Há

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Màmá Bolumbu, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wò. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wà á, àmọ́ ẹ má rò pé irú èyí tí wọ́n fi ń ti aláìsàn kiri ní ọsibítù ni. Wẹ́dà kan ní àdúgbò Masina ló jó o fún un. Ó fẹ̀ bí ibùsùn tọkọtaya. Ó ń gba àpò ṣúgà, ó ń gba páálí ọṣẹ àti ìdì aṣọ, bí àyè bá sì ṣẹ́ kù, ó ń gba makayabu, ẹja oníyọ̀ tó ń rùn dé ọ̀run. Àárín ẹrù yẹn ni Màmá Bolumbu máa ń jókòó sí. Orí rẹ̀ nìkan lẹ ó máa rí, á máa bú àwọn tó bá dí i lọ́nà.

Èmi Nzuzi, mikate, àkàrà oníyẹ̀fun, ni mò ń dín lẹ́nu ọ̀nà èbúté, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń ná Kinshasa sí Brazzaville. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo obìnrin yìí, ẹnu mi ò sì yé yún mi láti bi í ní ìbéèrè. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ṣé ìwé ni wọ́n fi ń béèrè ọ̀rọ̀ ni?

Mo ní, "Màmá Bolumbu, nígbà tí ẹ wà ní kékeré, báwo lẹ ṣe ń dé odò?"

Ó ní, "Ọwọ́ ni mo fi ń rìn. Ìwọ ńkọ́, ẹsẹ̀ lo fi ń dín mikate?"

Mbandaka ni wọ́n bí i sí, lókè odò lọ́hùn-ún. Rọpárọsẹ̀ ti mú un kó tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ìyá rẹ̀ ní kó jókòó sílé kí aráyé má baà fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó jókòó, ó jókòó, ìgbà tó di ọmọge, ó bá ọkọ̀ ẹrù lọ sí Kinshasa láìdágbére. Mo bi í pé ta ló gbé e wọ ọkọ̀. Ó ní ọkùnrin kan tó fẹ́ fi òun ṣe aya ni. Mo ní ṣé ó wá fẹ́ ẹ? Ó ní rárá o, ọkọ̀ lòun fẹ́ wọ̀.

Ní èbúté wa, àṣà kan wà tó ti wà tipẹ́ kí òfin kankan tó dé: aláàbọ̀ ara ló ń kọ́kọ́ wọ ọkọ̀, owó ọkọ̀ rẹ̀ kì í tó ti ẹlòmíì, ẹni tó ń tì í sì ń bá a jẹ nínú oore yẹn. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣòwò fi ń kó ẹrù wọn lé wọn lọ́wọ́. Lokwa, àbúrò ọkọ Màmá Bolumbu, géńdé tí àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ìlẹ̀kùn, òun ló ń tì í. Ẹrù yìí ni Màmá Bolumbu fi tọ́ ọmọ, òun ló fi kọ́lé. Ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ ò bá kọjá, ìkòkò ilé wọn ò ní gbóná.

Àtẹ̀gùn ló wá jẹ́ ìṣòro. Kí wọ́n tó dé ibi tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí, wọ́n á tú ẹrù, àwọn géńdé á gbé kẹ̀kẹ́, Màmá Bolumbu á máa fi ọwọ́ rìn sọ̀kalẹ̀ nínú ẹrẹ̀, láàárín ẹsẹ̀ èrò. Ìgbà tí rédíò sọ pé òfin ti jáde, pé ibi tí gbogbo ènìyàn ń gbà, aláàbọ̀ ara gbọ́dọ̀ lè gbà á, pé kí wọ́n sì bi àwọn fúnra wọn léèrè kí wọ́n tó kọ́ nǹkan, Màmá Bolumbu àti ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn aláàbọ̀ ara tó ń fi kẹ̀kẹ́ kó ẹrù, ò sùn mọ́. Lónìí wọn á lọ sí ọ́fíìsì, lọ́la wọn á tún lọ, títí wọ́n fi gbọ́ pé enjiníà ń bọ̀ wá wọ̀n wọ́n, kí wọ́n lè fi kọnkéré ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lórí àtẹ̀gùn yẹn.

Ẹ ò bá rí wọn lọ́jọ́ náà! Àwa ará Kinshasa, ebi lè máa pa wá, a kì í wọ àkísà jáde. Ta ló fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ tó ń rùn makayabu lọ síwájú ìjọba? Gbogbo wọn fi kẹ̀kẹ́ ẹrù sílé. Wọ́n lọ yá àga onítáyà kéékèèké tó ń dán gbinrin lọ́wọ́ àwọn sísítà ìjọ Àgùdà. Papa Mabiala, ọ̀kan nínú wọn, wọ kóòtù aláwọ̀ ìyeyè, bàtà rẹ̀ ń kọ mọ̀nà, bàtà tí kò tíì tẹ ilẹ̀ rí láyé. Màmá Bolumbu dé fìlà oníìyẹ́. Enjiníà Tshimanga, ọmọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan, kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó na téèpù rẹ̀, ó wọn àga.

Ó ní, "Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?"

Gbogbo wọn ní, "Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ọ̀gá."

Mo bi Màmá Bolumbu lẹ́yìn rẹ̀ pé ṣé kẹ̀kẹ́ ńlá yóò gba ibẹ̀. Ó ní, "Nzuzi, ṣé o ti rí ohun kékeré tí ìjọba kọ́ rí?"

Ó kéré o. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, Màmá Bolumbu ló ṣíwájú. Ẹnu ọ̀nà náà fẹ̀, Lokwa sì tì í pẹ̀lú ìdùnnú. Níbi tí irin ìfọwọ́dìmú ti bẹ̀rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, kẹ̀kẹ́ ní gbàà! Ó há. Kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Ọkọ̀ ń fọn fèrè, èrò ń pọ̀ lẹ́yìn.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká kọjá!"

"Fò mí kọjá, bí o bá ní ìyẹ́!"

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ká gbé yín!"

"Kí wọ́n tó bí ọ ni wọ́n ti ń gbé mi. Ó ti sú mi."

Lokwa sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n tú ẹrù, kí n fà yín sẹ́yìn."

"Má dán an wò. Bí o bá fà mí kúrò, wọ́n á ní kò há."

Ọ̀gá kan jáde láti ọ́fíìsì èbúté. Ó ní kí Màmá Bolumbu lọ jókòó sínú àga kékeré, kí wọ́n wá ọkọ̀ akẹ́rù fún ẹrù rẹ̀. "Ẹ̀yin ni òfin ní kó kọjá, Màmá. Òfin ò sọ̀rọ̀ ẹrù."

"Kí ni mo fẹ́ lọ tà ní Brazza nígbà náà? Orí mi?"

Èmi ti fi ààrò sílẹ̀, mo ti há ara mi sáàárín èrò, nítorí mo fẹ́ mọ ohun tí yóò ṣe. Enjiníà Tshimanga sáré dé, òógùn bò ó. Ó wo kẹ̀kẹ́, ó wo irin.

"Màmá, ọwọ́ ara mi ni mo fi wọ̀n yín. Ẹ ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn."

Àwọn ẹgbẹ́ ń wo ilẹ̀. Bí Màmá Bolumbu bá sọ òtítọ́, ìtìjú gbogbo wọn ni. Bí kò bá sọ ọ́, òwò parí.

Ó ní, "A yá àga yẹn ni."

"Ẹ yá a?"

"Mo yá fìlà náà. Kóòtù Mabiala pàápàá..."

"Èmi ni mo ni kóòtù mi!" Papa Mabiala pariwo láti ẹ̀yìn. Gbogbo èbúté bú sẹ́rìn-ín.

"Ó ni kóòtù. Ìyókù, a yá a. A ò fẹ́ kí ẹ rí wa bí a ṣe rí lójoojúmọ́. Ó dáa, mo jókòó báyìí nínú ẹrù mi. Ẹ wọ̀n mí."

Ọ̀gá èbúté ní ẹ̀bi ara wọn ni, kí wọ́n máa fara dà á. Tshimanga mú téèpù jáde.

Ó ní, "Mo bi yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ purọ́ fún mi. Òfin ò ní kí n má tún béèrè. Kẹ̀kẹ́ ta ló tóbi jù?"

Ẹ gbọ́ ariwo! Àwọn tó fi kẹ̀kẹ́ pamọ́ níjọ́sí, olúkúlùkù ń pariwo pé tòun ló tóbi jù. Papa Mabiala ní kí wọ́n wá wọn tòun kí wọ́n tó pinnu, pé ti Bolumbu kò ju igbá lọ. Ti Mabiala ló tóbi jù lóòótọ́. Tshimanga wọ̀n ọ́ pẹ̀lú ẹrù lórí, ó wá ránṣẹ́ pe ẹni tó ní ayùn irin. Ọkọ̀ ò lè lọ. Ìdajì ohun tó fẹ́ gbé wà lórí kẹ̀kẹ́ wọn.

Bí wọ́n ṣe ń gé irin ọ̀tún, enjiníà tẹríba lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Bolumbu. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn?"

"Ọmọ mi, bí wọ́n bá fẹ́ ya ìwọ ní fọ́tò, ṣé aṣọ iṣẹ́ lo máa wọ̀?"

Irin já, ó bọ́ sí ilẹ̀. Lokwa tẹ ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Màmá Bolumbu sọ̀ kalẹ̀ láàárín ẹrù rẹ̀ láìfi ọwọ́ kan ẹrẹ̀, ó sì ń bú ọ̀gá èbúté pé kó kúrò lọ́nà.