Pa Akínwùmí Kì í Wo Ihò

Ọjọ́ tí wọ́n pe áńbúláǹsì fún Pa Akínwùmí Ọlágúnjú lórí pápá gọ́ọ̀fù, kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ó kàn nà gbalaja lórí koríko ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ó di ojú kan, ó la ìkejì, ó ń wo ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ máa gbà dé inú ihò. Oṣù kẹfà ọdún 2006 ni, ní Mitchellville l'Amẹ́ríkà, níbi tí àgbàlagbà kì í ti í dọ̀bálẹ̀ láìnídìí. Obìnrin kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù tirẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn bàbá náà ló pe 911.

Bíríkìlà ni Pa Akínwùmí n'Íbàdàn kó tó wá sí Amẹ́ríkà, ó sì gbà pé ẹni tó bá wà lórí ìdúró kò lè mọ ibi tí ilẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ sí. "Ilẹ̀ kì í purọ́ fún ẹni tó bá sùn tì í," ló máa ń wí. Ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé Múdàṣírù, ọ̀rẹ́ rẹ̀, wà ní òdì kejì ihò náà gan-an. Múdàṣírù wo ọkùnrin tó nà gbalaja síwájú òun. Ó na ọwọ́ ọ̀tún.

"O ṣeun, àbúrò mi. Wàá pẹ́ láyé. Dìde."

Wàhálà dé nìyẹn. Bí Pa Akínwùmí bá dìde lẹ́yìn àdúrà, á dà bí ẹni pé ó gbà á. Bí kò bá sì dìde, ó ṣì wà ní ìdọ̀bálẹ̀. Ibi tó ti ń ro ó ni áńbúláǹsì ti dé.

Ẹ jẹ́ kó yé yín: láti ọdún mẹ́rin tí àwọn méjèèjì ti mọra, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n nínú wọn. Ọjọ́ orí tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù wọn, nítorí iṣẹ́ ni wọ́n ṣe dín in kù, gbogbo èèyàn ló sì mọ̀. Olúkúlùkù wọn ń pe èkejì ní àbúrò. Olúkúlùkù wọn kì í sì í dáhùn.

"Bàbá, ẹni ọdún mélòó ni yín?" Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá áńbúláǹsì wá ló bèèrè.

Pa Akínwùmí fi ojú kan tó là wo Múdàṣírù. "Ẹ kọ́kọ́ bi ọkùnrin yẹn."

"Èmi kọ́ ni mo wà nílẹ̀," ni Múdàṣírù dáhùn. "Kó sọ tirẹ̀."

"Tó bá gbọ́ tèmi, á sọ èyí tó jù ú lọ."

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé aláìsàn kò mọ ọjọ́ orí ara rẹ̀. Pa Akínwùmí fọwọ́ sí i, ó gbọn koríko kúrò ní ṣòkòtò, ó gbá bọ́ọ̀lù náà. Ó wọlé.

Kì í ṣe pé ó wá gọ́ọ̀fù lọ o. Gọ́ọ̀fù ló wá a wálé. Nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí ní Beltsville, ó ń gbé lọ́dọ̀ Délọ́lá ọmọ rẹ̀, ilé náà sì kẹ́yìn sí pápá gọ́ọ̀fù. Ó gbin tòmátì sẹ́yìnkùlé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bọ́ọ̀lù kan fò wọlé, ó fọ́ èyí tó pọ́n jù nínú wọn. Pa Akínwùmí kó bọ́ọ̀lù àti tòmátì sínú ọ̀rá kan náà, ó gba orí pápá lọ láti wá ẹni tó ni wọ́n. Ẹnì kan ṣoṣo ló bá níbẹ̀, ọkùnrin awakọ̀ takisí kan tó ń fi igi gọ́ọ̀fù tú igbó, tó ń fi Yorùbá bú koríko.

"Ṣé ìwọ lo ni èyí?"

Múdàṣírù yọjú wo inú ọ̀rá. "Bọ́ọ̀lù ni tèmi. Tòmátì yẹn ò mọ̀ mí rí."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Pa Akínwùmí ti mọ bí wọ́n ṣe ń di igi mú. Kí ọdún tó parí, tòmátì ilé ẹlòmíì ni bọ́ọ̀lù tirẹ̀ ń fọ́.

Ṣùgbọ́n gbígbá bọ́ọ̀lù jìnnà kò jẹ ẹ́ lógún. Ohun tó jẹ ẹ́ lógún ni ibi tí koríko ti kúrú bí irun orí ṣọ́jà, níbi tí wọ́n ti ń fi pọ́tà, igi tí orí rẹ̀ pẹlẹbẹ, rọra ti bọ́ọ̀lù sínú ihò. Òfin kan ṣoṣo ló ní níbẹ̀: má wo ihò.

"Bí o bá ń ti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin," ló bi Túndùn, ọmọ Délọ́lá, "ṣé Ìlọrin lò ń wò?"

"Grándípà, mi ò dé Ìbàdàn rí."

"Mọníyà lò ń wò. Tó o bá ti gba Mọníyà kọjá bó ṣe yẹ, Ìlọrin ò ní lè sá fún ọ."

Mọníyà tirẹ̀ lórí pápá ni ewé koríko kan tó gbẹ, tàbí àmì kékeré kan tí kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ níwájú bọ́ọ̀lù. Orí rẹ̀ ló máa fẹ́ kí bọ́ọ̀lù gbà. Tó bá ti gbá a tán, kò ní gbójú sókè, torí pé ẹni tó bá gbójú sókè, èjìká rẹ̀ á tẹ̀ lé e, bọ́ọ̀lù á sì yà. Etí ló fi ń wo ihò. Tó bá ti gbọ́ "kó," ó wọlé nìyẹn. Tí kò bá gbọ́ nǹkan kan, á ní atẹ́gùn ló gbé ohùn rẹ̀ lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọ ọ́fíìsì pápá lọ, ó sọ fún ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ pé wọ́n ti jí ihò kẹrin gbé. Ọmọbìnrin náà fi sùúrù ṣàlàyé pé wọn ò jí i; àwọn òṣìṣẹ́ ló máa ń dí ti àná, tí wọ́n á gbẹ́ òmíràn síbòmíì, kí koríko ojú kan má bàa kú.

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́, sà."

Pa Akínwùmí dúpẹ́. Ó jáde, ó bá Túndùn nínú mọ́tò. "Ṣé o gbọ́? Nǹkan tí wọ́n ń gbé kiri lójoojúmọ́ ni gbogbo ayé ní kí n máa wò."

Òun náà ló ṣàwárí pé ojú ẹni gbọ́dọ̀ wà lókè bọ́ọ̀lù ṣánṣán, bí ìgbà tí bíríkìlà bá fi okùn àti irin wọn ògiri. Ó so òwú mọ́ àárín ìgò ojú rẹ̀, ó fi nǹkan tó wúwo díẹ̀ kọ́ ọ nísàlẹ̀, ó ń bẹ̀rẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Délọ́lá wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tì, iṣẹ́ sì ti ń pè é. Pa Akínwùmí bá a wá a. Ó wo abẹ́ àga, ó wo inú fíríìjì, ó gbà á nímọ̀ràn pé kó máa gbé nǹkan sí ojú kan. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, Délọ́lá wo ojú bàbá rẹ̀.

"Dádì, kí lẹ so mọ́ ìgò yín?"

"Ìwọ̀n ni."

"Kọ́kọ́rọ́ mi ni!"

"Kò burú náà. Ó lè máa ṣe iṣẹ́ méjì."

Ní ti ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n, ńṣe ló ń le sí i. Ọjọ́ kan wà tí àwọn méjèèjì dé ibi ìgbọ́kọ̀sí pápá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ ló máa lọ kí èkejì, àbúrò ló sì ń kọ́kọ́ kí ẹ̀gbọ́n. Kò sẹ́ni tó sọ̀kalẹ̀. Wọ́n jókòó sínú mọ́tò wọn fún ogójì ìṣẹ́jú, wọ́n ń wo ara wọn láti inú gíláàsì, títí tí àkókò tí wọ́n fún wọn lórí pápá fi kọjá. Wọ́n wakọ̀ padà sílé. Lálẹ́, olúkúlùkù wọn sọ fún ará ilé rẹ̀ pé òun gbádùn ọjọ́ náà.

Àwọn èèyàn ń fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní gbòǹgbò lọ́kàn Pa Akínwùmí. Àbíkẹ́yìn ni nínú ọmọ mẹ́sàn-án. Àwọn mẹ́jọ ló ń rán an níṣẹ́, ó sì sin àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ó ti ibi àbúrò bọ́ sí ibi bàbá; kò sí ẹnì kan tó pè é ní ẹ̀gbọ́n láàárín méjèèjì. Délọ́lá mọ èyí, ó sì ti sú u. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, ó pe àwọn àgbà méjì náà jókòó, ó ní kí wọ́n lọ fi pọ́tà parí ẹ̀. Ihò mẹ́ta, ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá fi ìgbá tó kéré jù wọlé ló jẹ ihò náà. Ẹni tó bá borí ni ẹ̀gbọ́n títí ayé. Ẹni tó bá fìdí rẹmi á máa kọ́kọ́ kí i, á sì máa gbé báàgì rẹ̀.

Túndùn ni wọ́n fi ṣe rẹfirí. Múdàṣírù jẹ ihò kìíní. Pa Akínwùmí jẹ ìkejì. Ní ihò kẹta, Múdàṣírù gbá a lẹ́ẹ̀mẹta kó tó wọlé. Pa Akínwùmí ti gbá tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ku ìgbésẹ̀ mẹ́ta. Bí èyí bá ti wọlé, ó ti parí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sókè bọ́ọ̀lù. Ó wá Mọníyà rẹ̀, ó rí i: nǹkan pupa bíńtín kan lórí koríko, ojú ọ̀nà gan-an. Ó di ojú, ó ka Sáàmù kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nǹkan pupa náà, kòkòrò ni. Nígbà tí Pa Akínwùmí fi máa ṣe àmín, Mọníyà ti rìn lọ sápá ọ̀tún ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin. Ó lajú, ó gbá bọ́ọ̀lù gba orí rẹ̀ bí òfin ṣe wí. Bọ́ọ̀lù lọ jẹ́jẹ́, ó gba ẹ̀gbẹ́ ihò kọjá láìkí i, ó dúró sẹ́yìn rẹ̀.

Pa Akínwùmí kò gbójú sókè. Ó ń fetí wo ihò.

Ẹyẹ kan ké. Ọkọ̀ òfurufú kan kọjá lọ. Bàbá ṣì tẹríba, kò mira. Túndùn la ẹnu láti sọ̀rọ̀, Múdàṣírù mi orí fún un. Ó rìn lọ sẹ́yìn ihò, ó wojú ọ̀run bí ẹni tó ń wá òjò, ó sì fi orí bàtà ti bọ́ọ̀lù náà.

Kó.

Pa Akínwùmí gbé orí sókè. "Mo gbọ́ ọ!"

"A jọ gbọ́ ọ ni," ni Múdàṣírù wí. "Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n mi."

Nígbà tó ku Múdàṣírù àti Túndùn níbi ìgbọ́kọ̀sí, Túndùn dúró tì í. "Alàájì, mo rí bàtà yín."

"Bàtà mi tóbi. Ibi tó bá wù ú ló ń dé." Ó gbé báàgì méjèèjì sí ẹ̀yìn mọ́tò. "Àbúrò mọ́kànlá ni mo ní nílé. Jẹ́ kí òun náà ní ẹyọ kan."

Pa Akínwùmí kò fi oyè náà ṣeré. Ó rán Múdàṣírù níṣẹ́ omi, ó rán an níṣẹ́ ìwé ìròyìn, ó bá a wí lórí iyọ̀ tó ń jẹ. Ó tún ń pè é láàárọ̀ láti gba ìkíni tirẹ̀ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún fún Múdàṣírù, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Pa Akínwùmí fi jókòó sórí àga ọsibítù, ó ń bó ọsàn fún un. Nọ́ọ̀sì bi í pé kí ló jẹ́ sí aláìsàn náà. Ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe kó tó dáhùn. "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

Pa Akínwùmí kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, lójú oorun. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ ìwé ètò ìsìnkú, Délọ́lá kó àwọn ìwé bàbá rẹ̀ jọ, ó bá ọjọ́ ìbí mẹ́ta níbẹ̀: ọ̀kan nínú pásípọ́ọ̀tù, ọ̀kan nínú káàdì ìrìbọmi, ọ̀kan nínú ìwé ìfẹ̀yìntì. Ó ní kí Múdàṣírù wá sọ èyí tí wọ́n máa kọ.

Múdàṣírù jókòó sí pálọ̀. Lọ́jọ́ náà, ohun tó bá wù ú ló lè sọ. Kò sí ẹni tó máa bá a jiyàn mọ́.

"Ẹ kọ 1936," ló wí.

"Alàájì, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Délọ́lá kọ ọ́. Túndùn, tí kì í lè fi nǹkan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wò ó láti ẹ̀yìn àga. "Ẹ̀yin náà ńkọ́, Alàájì? Ìgbà wo ni wọ́n bí ẹ̀yin?"

Múdàṣírù yọ ìgò ojú rẹ̀, ó fi etí agbádá nù ún, ó dá a padà sójú.

"Èmi? Ẹ̀gbọ́n mi ti ń rìn kí wọ́n tó bí mi."