Àgbò Iléyá Tí Mo Fẹ́ Yà

Ìgbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí ẹ bá rí mi láìsí pẹ́ńsù lọ́wọ́, oorun ni mò ń sùn. Mo máa ń ya ewúrẹ́, mo máa ń ya àga, mo máa ń ya orí pípá bàbá aládùúgbò wa. Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ má rẹ́rìn-ín, ó dùn mọ́ mi ju ẹran lọ.

Lọ́dún kan, nígbà tí Iléyá ku ọjọ́ mẹ́ta, mo ti ya àgbò bàbá mi ní ìdúró, mo ti yà á ní ìdùbúlẹ̀. Ó wá ń wù mí kí n yà á níbi tó ti ń jà. Ni mo bá tú u, mo fà á lọ bá ti aládùúgbò. Wọ́n fà sẹ́yìn, wọ́n sáré kan ara wọn, gbàù! Lẹ́ẹ̀kẹta, ìwo àgbò wa kan já láti ìdí, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú. Mo sá. Àgbò tó ti rí báyìí, ẹ mọ̀ pé kò ṣe é pa fún Iléyá mọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí mo ń pè ní ẹ̀gbọ́n, ló ń tọ́jú àgbò náà. Láti Ìrẹsà ló ti wá gbé lọ́dọ̀ wa torí ilé-ìwé, ọdún yẹn gan-an ló sì fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde.

"Ìwọ lo fà á lọ jà!" Bàbá mi ló ń pariwo mọ́ ọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi kọ́! Mo fi Ọlọ́run búra!"

"O tún ń búra èké!"

Pàṣán kan ṣẹ́, wọ́n mú òmíràn. Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi bó, ó ń yí nílẹ̀, ó ń ké pe ìyá rẹ̀ tí kò sí nítòsí. Ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi ni mo dúró sí. Kí n ṣáà la ẹnu ni. Mi ò là á. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n dá a padà sí Ìrẹsà. Kò ṣe ìdánwò náà títí dòní. Èmi fa ìwé àwòrán mi ya, mo ju pẹ́ńsù sí ṣálángá.

Téélọ̀ ni mí ní Ọ̀yọ́ báyìí. Lọ́dún yìí, iná ò sí, iṣẹ́ dúró, mo bá mú pẹ́ńsù tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà, mo ya sísọ́ọ̀sì mi. Ó rí bí ẹsẹ̀ àkèré. Mo rẹ́rìn-ín, mo tún un yà lọ́jọ́ kejì. Bó ṣe di ojoojúmọ́ nìyẹn: kí n tó fọwọ́ kan máṣíìnì, mo gbọ́dọ̀ ya ojú ewé kan. Ọwọ́ tó ti gan bí igi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Bí pẹ́ńsù ṣe ń ha lórí bébà, bí mo ṣe ń fìka pa dúdú rẹ̀ rẹ́ díẹ̀díẹ̀, adùn ìgbà èwe padà wọlé. Àfi àgbò. Bí mo bá ti dé ìwo, ọwọ́ mi á kọ̀.

Nígbà tí mi ò lè pa á mọ́ra mọ́, mo wọ mọ́tò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo gun ọ̀kadà ní Takie dé Ìrẹsà. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi lóko, ó ń kọ ebè.

"Bùọ̀dá, èmi ni mo tú àgbò yẹn."

Ó fi ọkọ́ lélẹ̀. Ó gbá mi létí, mo ṣubú sáàárín ebè.

"Ìyẹn ti pàṣán," ó ní. "Ti ìdánwò ńkọ́? Kí lo máa fi san án?"

Mo nu iyẹ̀pẹ̀ kúrò lójú.

"Dìde, wá mumi. Ojú ẹ ti wú."

Mo ṣì ń yàwòrán lójoojúmọ́, ó sì ń dùn mọ́ mi, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ayé ti yí padà. Lónìí, bí àwọn ọmọ bá kó àgbò jà, fóònù á ti ká a sílẹ̀, kílẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò á ti rí ẹni tó tú okùn. Bàbá tó bá sì ń na ọmọ bẹ́ẹ̀, àwọn ará ilé á dì í mú. Nígbà tiwa, ẹnu mi nìkan ni ẹ̀gbọ́n mi ní, mo sì pa á mọ́.