Ìyá Mi Kì í Dárúkọ Ará Ilé Ọkọ

Ó tó ọdún méjì tí a fi ń yin ìyá mi fún ohun tó jẹ́ àìsàn.

Ilé ọkọ tí ìyá mi fẹ́ sí, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, Abobo, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, ni wọ́n sì tẹ̀dó sí. Ìyá mi kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí sílé náà kí òun tó dé. Orúkọ àlàjẹ́ ló fún kálukú: ẹni yìí Akọ̀wé, ẹni yẹn Adúmáadán. Nígbà tó yá, gbogbo wọn di “ọkọ mi”, àtọkùnrin àtobìnrin. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìyàwó àtàtà. Kò sẹ́ni tó fura pé àwọn àlàjẹ́ náà ló ti ń bọ́ sọnù. Èmi náà ò fura, èmi tí mo kàwé Faransé títí ojú mi fi bó.

Ọjọ́ tó kúrò ní ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Adjamé, tó ní òun ń lọ sílé, Port-Bouët la ti lọ bá a, létí òkun, níbi tí kì í ṣe ọ̀nà ilé rárá. Bí mo ṣe gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà nìyẹn.

Dókítà ní àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ rẹ̀ ò tíì kú tán. Ibi tí wọ́n ti fara kan ara wọn, tí ọ̀kan ti ń jíṣẹ́ fún èkejì, ló ń já díẹ̀díẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tó kù máa ń ṣe iṣẹ́ àwọn tó já kún tiwọn, ọpọlọ á sì wá ibòmíràn gbà, bí ìgbà tí wọ́n ti afárá kan pa tí gbogbo ọkọ̀ tó ń lọ sí àdúgbò Treichville rọ́ lọ sórí èkejì. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe ń sọ ọ́, bíi pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ la wá sọ. Inú bí mi. Ojú ọ̀nà ilé ló ti wá yé mi pé “ọkọ mi” ni ibòmíràn tí ìyá mi ń gbà.

Ohun tí mo fẹ́ ò ju pé kó má dá lọ sọ́jà mọ́. Bàbá mi ti kú, àbúrò rẹ̀ obìnrin, àǹtí mi, ló ń pàṣẹ nínú ilé. Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo sọ ọ́ títí ẹnu fi ń ro mí.

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ sọ ìyá ẹ di wèrè ni? Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ça va aller, á dáa.” Àǹtí mi kọjú sí ìyá mi. “Ìyàwó wa, kí lorúkọ mi?”

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. “Háà, ọkọ mi! Ṣé èmi ni màá dárúkọ yín?”

Àǹtí pàtẹ́wọ́. “Ṣó o gbọ́? Orí ẹ̀ pé pérépéré!”

Ara mi gbóná. Mo ní, “Màámi, èmi ńkọ́? Kí lorúkọ tèmi?”

Kò sí èèwọ̀ kankan lórí orúkọ tèmi. Òun fúnra rẹ̀ ló fún mi.

Ìyá mi wò mí. Ó ń wo ẹnu mi, ẹ̀rín ojú rẹ̀ ń dín kù. Ó wá rọra sún mọ́ àǹtí.

“Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi, kí la máa ń pe ọmọ mi yìí?”

Ọwọ́ àǹtí balẹ̀ sórí itan rẹ̀. Ó sọ ọ́ fún un. Ìyá mi tún un pè lẹ́ẹ̀mejì, kó má baà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Kò ní dá lọ sọ́jà mọ́,” ni àǹtí wí. Ohun tí mo fẹ́ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, ó sì ń ṣe mí bíi kí n gbá ara mi lẹ́nu.