Ọkọ̀ Fáíbà Àkọ́kọ́ Tí Mo Kùn

Òórùn tínà tí a fi ń po ọ̀dà ló máa ń gbé mi padà sí etí ọ̀sà Ajah, nígbà tí ọkọ̀ fáíbà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, tí ọkọ̀ onípákó ṣì pọ̀ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ ọ̀dà o. Mo kàn ń wò ó, mo ń ṣe é, ó tán. Ìyá kan tó ń fi ọkọ̀ gbé èrò sọdá ra fáíbà mẹ́ta, wọ́n ní kí n kun ọ̀kan wò. "Tó bá dáa, ìwọ náà lo máa kun méjì tó kù. Tí ò bá dáa, mo máa pe ọlọ́dà Badore." Ẹ gbọ́, ọlọ́dà Badore! Ọkùnrin tó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín èrò! Mo ní láéláé.

Fáíbà yẹn ń dán bíi dígí. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo gbé sáńpépà, mo ha á láti àárọ̀ di ọ̀sán, apá ń ro mí, inú mi ń dùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi práímà, ọ̀dà ìpìlẹ̀, lé e láti iwájú. Mi ò tíì dé àárín tó fi ṣe ihò-ihò, tó ń ṣí bí èèpo ẹ̀pà. Inú bí mi! Mo gbéra, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó ta práímà fún mi, mo pariwo pé ó ti da kẹrosíìnì sí i. Ó ní, "Brọ̀dá, ẹ rọra jàre, ẹ má fi itọ́ kùn mí."

Mo padà dé, Ìyá ọlọ́kọ̀ ti dúró síbẹ̀. Wọ́n bu omi, wọ́n dà á síbi tí mi ò tíì kùn. Omi ń yí gbirigbiri bí ẹni pé orí ewé kókò ló wà.

"Ọ̀rá nìyẹn. Tó o bá fi yanrìn ha abọ́ ọlọ́ràá kó o tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ ńkọ́?"

"Ọ̀rá á tàn ká, mà."

"Ẹn-ẹ́n. Kí wá ni ariwo?"

Àṣé bí a ṣe ń fi epo pa inú agolo mọ́ínmọ́ín kó má baà lẹ̀, bẹ́ẹ̀ làwọn tó ń ṣe fáíbà náà ń fi ọ̀rá pa inú ohun tí wọ́n fi ń mọ ọkọ̀. Ọ̀rá yẹn ló bá ọkọ̀ wá, èmi ni mo fi sáńpépà fi í ra gbogbo ara ẹ̀. Àwọn àgbà ní ìbínú ò da nǹkan. Ojú tì mí, mo lọ bẹ ẹni tó ta práímà.

Mo ha gbogbo ẹ̀ kúrò. Mo fọ ọkọ̀ lọ́ṣẹ, mo fi àkísà mímọ́ àti tínà nù ún, mo ń pààrọ̀ àkísà, títí omi tí mo dà sí i fi tẹ́ pẹrẹsẹ lára ẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mú sáńpépà. Mo nu eruku, mo fi práímà lé e, ó gbá a mú gírígírí, mo wá fi ọ̀dà kùn ún.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ wọ omi, mo dúró, mo ń retí oríyìn. Ìyá fọwọ́ pa á lára, wọ́n ní, "Èkejì wà lẹ́yìn ilé. Fọ̀ ọ́ kí inú tó bí ẹ o."

Mo ṣì máa ń gbaná jẹ, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá jókòó sétí ọ̀sà nírọ̀lẹ́, tí mo rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n ń gbé èrò sọdá, ọkàn mi máa ń balẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń rí iṣẹ́ tó wà lábẹ́ ọ̀dà yẹn. Èmi mọ̀ ọ́n, ó sì tó mi.