Ọ̀rọ̀ Tó Bá Ọbẹ̀ Mu

Kọ́pà ni mí ní Enugu nígbà yẹn, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, yàrá mi sì wà ní Asata. Ọmọbìnrin ìyá onílé mi wà ní kíláàsì mi. Ní táàmù kìíní, ipò kejìdínlógójì ló mú nínú ogójì. Ní táàmù kejì, ó mú ìkẹtàdínlógójì.

Mo jókòó ti káàdì èsì rẹ̀. Tí mo bá kọ “better”, wọ́n á bi mí pé ó dára ju ta ni. “Making progress” kò burú, àmọ́ ìgbín náà ń ṣe é. Ọbẹ̀ ewúro tí ìyá rẹ̀ sì ń bù fún mi ní gbogbo Sọ́ńdè kì í ṣe ohun tí à ń fi ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ san. Mo kọ “remarkable improvement”. Ní Sọ́ńdè yẹn, ẹran mẹ́ta ni mo bá nínú abọ́.

Ní táàmù kẹta, ọmọ náà padà sí ipò kejìdínlógójì. Kí n tó kọ káàdì, ìyá rẹ̀ ti gbé odidi ìkòkò ọbẹ̀ wá, ó ní gírámà ọjọ́sí dùn mọ́ òun nínú, ṣé èyí tó jù ú lọ ò sí.

Mo ṣí ìkòkò, mo ka ẹran inú ẹ̀, kí n tó ṣí dikiṣọ́nárì.